Ògiri Ẹ̀yìn Iná

A dé ìsọ̀ Olúmodéjì lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja,
ní Kàbà, láàárọ̀ Sátidé, oòrùn ò tíì mú.
"Òkun o," ni ìyá mi wí.
"Òkun o, ìyá. Ti pálọ̀ ni, àbí ti balùwẹ̀?"
Mo ní ti ilé ìdáná ni,
ẹ̀yìn iná, níbi tí epo ti máa ń ta sára ògiri.
Ó ní funfun ni gbogbo ayé ń rà báyìí.

Ìyá mi wo funfun náà títí.
"Ta ló kú?" ló bi í.

Ẹ̀yìn ìwé ìdánwò ọmọ kíláàsì mi ni mo kọ ìwọ̀n sí:
ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án ní ìbú, méjì ní gíga,
yọ ibi sọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò.
Mo ti ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta,
owó oṣù mi ò sì pọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọ ìsọ̀ fa páálí kan yọ nísàlẹ̀ àwọn yòókù,
eruku bò ó bí èlùbọ́.
Ẹyọ kan nínú rẹ̀ kò jọ nǹkan kan:
ìdajì ewé, igun kan tó dúdú bí aró,
ìlà pupa tó sáré dé etí, tó já síbẹ̀.

Ìyá mi lóṣòó.
Ó to mẹ́rin sílẹ̀, ó yí èkejì, ó yí ẹ̀kẹta,
bí ẹni ń yí àkàrà nínú epo.
Nígbà tó yí ẹ̀kẹrin,
ìlà tó já rí ìyókù ara rẹ̀,
òdòdó kan là lórí sìmẹ́ńtì Olúmodéjì.

Kò sọ̀rọ̀. Èmi náà ò sọ̀rọ̀.
Ogójì ọdún ló fi jókòó síwájú òfì
tó fẹ̀yìn ti ògiri yẹn gan-an,
kí n tó ní ká sọ yàrá òfì di ilé ìdáná.
N ò bi í dáadáa.
Ìgbà tí bíríkìlà ti wó fèrèsé tán
ni mo ń sọ pé, "Ìyá, ṣé ẹ ò bínú?"

"Ẹni tó hun èyí tòògbé."
Ó na ẹyọ kan sókè. Ìlà rẹ̀ yẹ̀ ní ìwọ̀n èékánná.
"Ẹ̀rọ ni, ìyá."
"Ẹ̀rọ náà tòògbé. Ìdajì owó ni màá san lórí rẹ̀."
Olúmodéjì rẹ́rìn-ín, ó gbà.
Síbẹ̀ méje ò pé, irú rẹ̀ ò sì sí mọ́.
A fi aláwọ̀ aró tí kò ní ọnà dí i:
ta ní ń wo ẹ̀yìn fíríìjì?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ibítóyè po sìmẹ́ńtì funfun.
Ìyá mi gbé àpótí sẹ́yìn rẹ̀.
"Fà á sókè díẹ̀. Ó ti wọ́."
Ibítóyè mí kanlẹ̀, ó fà á sókè.
Nígbà tó di ìlà kejì, ìyá dìde,
ó yọ apasá rẹ̀ lórí àjà, ó nù ún mọ́ ìró,
ó fi ń gbá táìlì wọlé, pẹ́, pẹ́,
ìró tí mo fi ń sùn lọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé.
Mo bá jáde, mo ní mò ń lọ pọn omi.

Mo ra gáàsì. Mo ra sítóòfù olójú mẹ́rin.
Ìta ló ṣì ń dáná, lórí ààrò, lẹ́yìn ilé.
"Èéfín á ba iṣẹ́ mi jẹ́," ló wí.
Iṣẹ́ mi. Mo gbọ́ ọ dáadáa.

Lálẹ́, tí wọ́n bá ti mú iná lọ,
ó máa ń wọlé wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán,
ó máa tan tọ́ọ̀ṣì sára ògiri láìkánjú,
láti ìgun dé igun,
ó ń wá èyí tó tòògbé.